Ọjọ́ wo ni kí n sanwó fún? Ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ pẹja sea trout ní ẹnu odò Ythan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èpè ni wọ́n bí mi sí, Aberdeen ní Scotland ni mo ń gbé báyìí, iṣẹ́ epo ló gbé mi débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ sanwó ọjọ́ méjì fún amọ̀nà kan pé kó mú òun lọ pẹja sea trout ní ẹnu odò Ythan. Sátidé méjì ni wọ́n lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ló wà láàárín wọn, wọn ò rí ẹja kankan mú. Amọ̀nà náà ní omi ni ò dáa. Ó jọ àwáwí létí mi. Lọ́dún yìí, èmi náà fẹ́ san owó ọjọ́ mẹ́fà. Báwo ni mo ṣe máa yan àwọn ọjọ́ náà, kí ni mo máa rà, kí ló sì yẹ kí amọ̀nà ṣe fún owó mi?"

Ìdáhùn:

Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ ni amọ̀nà yẹn ń sọ, àmọ́ ó yẹ kó ti sọ ọ́ kó tó gba owó. Sátidé méjì tí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín wọn, omi kan náà ni. Ní etíkun Aberdeen, òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àti nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Nítorí àádọ́ta ìṣẹ́jú tó lé yẹn, bí omi bá kún tán ní aago 8 òwúrọ̀ òní, á di nǹkan bí aago 9 ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la. Bó ṣe ń sún síwájú nìyẹn lójoojúmọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrìnlá, á ti yí po, ìyàtọ̀ tó máa wà láàárín rẹ̀ àti ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í pé wákàtí kan. Bí Sátidé àkọ́kọ́ bá bọ́ sí omi tí kò dáa, èkejì náà á bọ́ síbẹ̀. Ká ní wọ́n lọ ní Sátidé tó wà láàárín méjèèjì ni, omi mìíràn pátápátá ni wọn ì bá bá pàdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Èpè mọ omi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sà ò lè kọ́ yín ní irú èyí. Ní etíkun Èkó gan-an, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó fà kì í sábà ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní Aberdeen, nígbà ìkún ńlá, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tàbí lẹ́yìn tí oṣù tuntun bá lé, omi á ga sókè ní nǹkan bíi mítà 3.7. Ó ga ju ọkùnrin méjì tí ọ̀kan gun èjìká èkejì lọ. Nígbà ìkún kékeré, tí ààbọ̀ òṣùpá bá wà lójú ọ̀run, kì í ju nǹkan bíi mítà 1.8. Gbogbo omi yìí ló ń gba ẹnu tóóró kan wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà, tó tún ń gba ibẹ̀ jáde láàárín wákàtí mẹ́fà mìíràn. Òun ló ń pinnu ibi tí ẹja máa wà, òun náà ló ń pinnu bí ẹ ṣe máa pẹ́ tó lójú kan. Torí náà, owó ọjọ́ mẹ́fà tẹ́ ẹ fẹ́ san yẹn, omi ni kí ẹ fi rà.

Ythan kì í ṣe odò ńlá. Ó gba Fyvie, Methlick àti Ellon kọjá kó tó dé Newburgh, tó wà ní nǹkan bíi máìlì 13 sí àríwá Aberdeen, níbi tó ti wọ Òkun Àríwá. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí omi iyọ̀ ń dé gùn tó nǹkan bíi máìlì 5. Tí omi bá kún, ẹ ó rò pé ọ̀sà lẹ̀ ń wò. Tó bá fà tán, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló máa ṣẹ́kù lọ súà, pẹ̀lú ojú ìṣàn kan ṣoṣo tó lọ́ gba àárín wọn kọjá. Abúlé Newburgh wà ní apá kan, òkìtì iyanrìn Forvie, tó jẹ́ ilẹ̀ ìpamọ́ fún ẹyẹ àti ẹranko, wà ní apá kejì. Odò kékeré Foveran já sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè lọ, ẹ ó dé afárá Waterside, lẹ́yìn náà àbàtà gbalasa tí wọ́n ń pè ní Sleek of Tarty, kẹ́ ẹ tó kan Logie Buchan. Àwọn orúkọ yìí ṣe pàtàkì, torí amọ̀nà á máa dá wọn lẹ́nu, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ ibi tó ń sọ.

Ẹja náà ńkọ́? Sea trout àti brown trout tó ń gbé inú odò, ẹja kan náà ni wọ́n, Salmo trutta. Àwọn kan á jókòó sínú odò títí wọ́n á fi kú. Àwọn kan, tí abo pọ̀ jù nínú wọn, á gbéra lọ sí òkun ní April tàbí May, lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta nínú omi dídùn, nígbà tí wọn ò tíì ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ. Àwọn kan nínú àwọn kéékèèké yìí á ti padà sí ẹnu odò láti July ọdún yẹn kan náà, wọ́n á ti tó gíráàmù 250 sí 350. Finnock ni àwọn ará Scotland ń pè wọ́n. Àwọn tó ti pẹ́ lókun ju ìyẹn lọ lè tó kílò kan sí méjì, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ dé.

Ohun tó mú kí ẹnu odò yàtọ̀ ni pé sea trout ń jẹun níbẹ̀. Salmon tó bá wọlé láti òkun ti pa oúnjẹ tì, ó kàn ń kọjá lọ sókè láti lọ yé ẹyin ni. Sea trout ní tirẹ̀ á bá omi wọlé láti wá sandeel, ìyẹn ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò tó máa ń rì sínú iyanrìn, àti edé, àti ọmọ ẹja wẹ́wẹ́. Bí omi bá ń fà, á tún bá omi padà. Bí ẹni ń lọ sọ́jà tó ń bọ̀ ló rí. Ẹni tó bá mọ aago ọjà ló máa pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Nígbà tí omi bá kún dẹ́nu, ẹja ti tú ká sórí ẹrẹ̀ káàkiri, ẹ lè ju ìwọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má kọjá níwájú ẹyọ kan. Wákàtí tó tọ́ sí owó yín ni láti wákàtí kẹta ìfà títí omi á fi fà tán, àti wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí omi bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Lákòókò yìí, ojú ìṣàn tóóró yẹn nìkan ló ní omi, gbogbo ẹja tó kù nínú odò ti kóra jọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì dúró sí ẹ̀bá ibi tí iyanrìn ti dà wálẹ̀ sínú omi jíjìn, kó lè máa gba ohun tí ìṣàn ń gbé bọ̀. Láàárín ìfà àti ìkún, omi á dúró bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jẹun nígbà yẹn, torí tó bá yí padà, ẹja tuntun lè wọlé lójijì láti òkun, iṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń dùn jù.

Ó ku irú omi. Ìkún ńlá gan-an ò dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ìṣàn rẹ̀ le jù, ó sì máa ń fa koríko òkun tu láti ilẹ̀. Ythan ní ìṣòro koríko aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀: àjílẹ̀ oníkẹ́míkà láti oko tó yí odò náà ká ń ṣàn sínú rẹ̀, koríko wá ń gba orí ẹrẹ̀ bí ẹní. Torí èyí ni ìjọba Scotland fi ya agbègbè odò yìí sọ́tọ̀ ní 2000 pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń lo àjílẹ̀. Ìwọ̀ tí koríko bá ti kọ́ lẹ́nu, ẹja ò ní wò ó, bó ti wù kí koríko náà kéré mọ. Ìkún kékeré náà ní tirẹ̀: omi ò fà tó, ìṣàn ò lágbára tó láti kó oúnjẹ jọ, àti pé ọ̀sán gangan, láàárín aago 2 sí 3, ni omi máa ń fà tán lákòókò yẹn ní Aberdeen, tí oòrùn wà lókè.

Ọjọ́ tí mo máa ní kí ẹ rà ni ọjọ́ kẹrin sí ìkejì ṣáájú òṣùpá àrànmọ́jú tàbí ṣáájú oṣù tuntun. Omi ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, ìṣàn wà, koríko ò tíì tú. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, omi máa ń fà tán ní nǹkan bí aago 5 sí 6, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ lẹ̀ ń bá pàdé ní ìgbà méjèèjì. Ní June, oòrùn ń yọ níbẹ̀ lẹ́yìn aago 4 òwúrọ̀, kì í sì í wọ̀ títí di aago 10 alẹ́, torí náà ẹ lè kúrò níbi iṣẹ́ kẹ́ ẹ ṣì rí omi tó dáa pẹ. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tó ti ba ọjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́: ọ̀pọ̀ ìwé tó ń sọ aago ìkún omi ló ń lo aago GMT. Láti ìparí March sí ìparí October, ẹ fi wákàtí kan kún un. Àti pé èbúté Aberdeen ni ìwé náà ń sọ nípa rẹ̀. Ní afárá Waterside, omi á yí padà lẹ́yìn ti ẹnu òkun, ní Logie Buchan á tún pẹ́ sí i. Iye ìṣẹ́jú tó fi ń pẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan wà lórí amọ̀nà tó dáńtọ́, ẹ bi í léèrè lórí fóònù kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Bó bá ń kálòlò, ẹ wá ẹlòmíì.

Ní ti oṣù, òfin ṣí Ythan fún salmon àti sea trout láti February 11 sí October 31, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló tọ́ sí owó yín. Ní March àti April, ẹja tó ti yé ẹyin nígbà òtútù ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun. Ara wọn á ti dán padà bíi fàdákà, ṣùgbọ́n ẹ wo ikùn wọn: ó ti rọ̀, orí wọn tóbi ju ara lọ. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú wọn lọ sílé. Láti ìparí May àwọn ẹja ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, June ni wọ́n pọ̀ jù, July á da ńlá àti finnock pọ̀, August á jẹ́ ti finnock. Tó bá di September, àwọn tó fẹ́ yé ẹyin ti ń dúdú lára, ojú wọn ti wà lókè odò. Ọjọ́ mẹ́fà yín, ẹ pín in báyìí: ọ̀kan ní ìparí May, méjì ní June, méjì ní July, ọ̀kan ní August. Ẹ jẹ́ kí méjì-méjì yẹn tẹ̀ léra. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi ọ̀la á jọ ọ́ débi tẹ́ ẹ máa lè lò ó.

Òjò tún wà níbẹ̀. Nígbà ọ̀dá, omi odò á kéré, ẹja ò ní lè gòkè, wọ́n á máa pọ̀ sí i ní ẹnu odò láti ọjọ́ dé ọjọ́. Nígbà tí ẹni tó ń pẹja lókè odò ń sunkún pé omi gbẹ, tiyín ló dé. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi pupa á sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gba alẹ́ kan lọ. Afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn ò ní ìpalára, ó ń fẹ́ sẹ́yìn yín ní apá Newburgh. Èyí tó bá ti ìlà-oòrùn wá ló burú: á gbé ìgbì lu ẹnu odò, á da iyanrìn pọ̀ mọ́ omi, á kó koríko wọlé, nígbà míì á tún gbé kùrukùru tútù wá láti òkun. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé tí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn bá le tàbí tí ìkún odò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ lè sún ọjọ́ náà sí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, kó má di pé owó ti wọmi.

Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ sọ nǹkan mélòó kan sí i. Ṣé owó ìwé àṣẹ ìpẹja wà nínú rẹ̀ àbí ẹ máa san án lọ́tọ̀? Ṣé wákàtí ni wọ́n ń kà àbí omi? Amọ̀nà tó bá ní "aago 9 sí aago 5" fún yín ní ẹnu odò, ọ́fíìsì ló ń ṣe, kì í ṣe omi. Wákàtí márùn-ún tó yí ìparí ìfà ká sàn ju mẹ́jọ tó bọ́ sí ìkún lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò (insurance), àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, àti lifejacket tó lè fẹ́ ara rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yín. Tẹ́ ẹ bá dé etí omi, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí, láti wo bí iyanrìn ẹnu odò ṣe sún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láti ṣọ́ aago, láti gbé àwọ̀n, àti láti wo ọwọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń jù. Ọ̀pá tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Amọ̀nà tó bá ń pẹja tirẹ̀ nígbà tí owó yín ń lọ, kò ṣe iṣẹ́ tẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sáré rà nǹkan púpọ̀, torí ọ̀pọ̀ amọ̀nà ní ọ̀pá tẹ́ ẹ lè yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá di rírà, ọ̀pá fláì (fláì ni irun àti fọ́nrán tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀) tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9 àtààbọ̀ sí 10, nọ́ńbà 7, ló bá a mu. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí okùn tí ọ̀pá lè jù ṣe wúwo tó. Nọ́ńbà 5 ò ní lè la afẹ́fẹ́, nọ́ńbà 9 á pa èjìká yín. Ríìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iyọ̀ ò ní jẹ. Ẹ ra okùn méjì: èyí tó ń léfòó, àti èyí tó ń rì díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ó lò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ru ojú omi tàbí tí koríko bá ń léfòó lórí rẹ̀. Okùn tín-ín-rín tẹ́ ẹ máa so mọ́ iwájú rẹ̀, kó gùn tó ọ̀pá náà, kó lè gba páùn 8 sí 10. Fláì yín, kó jọ sandeel: tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, ẹ̀yìn búlúù tàbí aláwọ̀ ewé, ikùn fàdákà. Mẹ́fà ti tó. Bí ìwé àṣẹ bá gba ìjẹ onírin, ẹ mú ọ̀kan tó rí bí ṣíbí, gíráàmù 7 sí 12, ẹ yọ ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó bá a wá, ẹ fi ẹlẹ́nu kan sí i. Gbogbo ìwọ̀ ni kí ẹ fi pílásì tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tún nílò agbọ̀n kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí fún okùn tẹ́ ẹ bá fà wọlé. Láìsí i, ìṣàn á wọ́ okùn náà lọ sẹ́yìn, koríko á wé e, jíjù tó tẹ̀ lé e á já sí òfo.

Ọwọ́ ló ku báyìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń sọnù. Ẹ dúró kí omi má kọjá orúnkún. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹja wà nítòsí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹni tó bá sì sáré wọ omi dé ìbàdí ti lé wọn lọ. Ẹ ju okùn sọdá, kó dà sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìṣàn gbé fláì náà yí wá sí ẹ̀bá iyanrìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọ̀pá sí abíyá, ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn wọlé ní kíákíá, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ẹni ń fa omi láti inú kànga. Ẹ má bẹ̀rù pé ó ń yá jù. Sandeel tó ń sá fún ikú kì í rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bí sea trout bá gbé e, ẹ ó kàn rí i pé okùn dúró gbọin lọ́wọ́ yín. Àṣà gbogbo wa ni láti fi ọ̀pá gba òkè. Ẹ má ṣe é. Bí ọ̀pá bá lọ sókè, fláì á sá kúrò lẹ́nu ẹja ṣáájú kí ìwọ̀ tó wọlé. Ẹ kàn máa bá fífà lọ títí okùn á fi le, nígbà yẹn kí ẹ wá gbé ọ̀pá sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹnu ẹja yìí rọ̀, ó sì máa ń fò jáde nínú omi lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo ìgbà tó bá fò, ẹ rẹ ọ̀pá sílẹ̀ kí okùn lè dẹ̀, torí tó bá já bọ́ sórí okùn tó le, ìwọ̀ á ya jáde.

Kókó tẹ́ ẹ ta mọ́ fláì náà, ẹ fi itọ́ mú un tutù kẹ́ ẹ tó fà á mọ́ra, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ooru ìfàpọ̀ á jó okùn náà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹja tó dáa á fi já a. Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí fláì bá kan ilẹ̀ tàbí ìkarahun, ẹ fi ìka yẹ ẹnu ìwọ̀ wò. Ilẹ̀ Ythan kún fún ìkarahun dúdú mussel, abẹ ni ẹnu wọn. Bẹ́ ẹ bá sì rí orí síìlì, ẹranko òkun tó ń jẹ ẹja, tó yọ láàárín omi, ẹ ká okùn, ẹ ṣí lọ sí ibòmíràn. Ẹja ò ní ṣí ẹnu níwájú rẹ̀, àti pé ẹja tó wà lórí ìwọ̀ yín, síìlì á já a gbà. Wọ́n pọ̀ gan-an ní ẹnu odò náà lápá Forvie, òfin dáàbò bo ibi tí wọ́n ń sùn sí, ẹ má sún mọ́ wọn. Apá ibì kan nínú iyanrìn náà tún wà tí wọ́n ń fi okùn yí ká nígbà tí ẹyẹ òkun bá ń yé. Ẹ bọ̀wọ̀ fún okùn yẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ìmọ̀ lílúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà ò lè gba ènìyàn níbẹ̀. Omi Òkun Àríwá kì í sábà gbóná ju 14 °C lọ, kódà ní August. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ lójijì, èémí rẹ̀ á há, ọwọ́ rẹ̀ á kú kó tó rí nǹkan dì mú. Ìkún náà ò sì í wá bákan náà ní wákàtí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12: wákàtí àkọ́kọ́ á gbé ọ̀kan wá, ìkejì á gbé méjì, ìkẹta mẹ́ta, ìkẹrin mẹ́ta, ìkarùn-ún méjì, ìkẹfà ọ̀kan. Nígbà ìkún ńlá tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 3.7, wákàtí àkọ́kọ́ á gbé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31 péré, ẹ ó rò pé kò sí wàhálà. Wákàtí kẹta nìkan á gbé nǹkan bíi 92. Ibi tó wà ní kókósẹ̀ yín á di ìbàdí kí wákàtí kan tó pé. Àti pé iwájú kọ́ ló ń gbà wá. Bí iyanrìn tẹ́ ẹ dúró lé bá ga ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kòtò tó wà lẹ́yìn yín ni omi máa kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ yan òkúta kan tàbí igi kan lẹ́yìn yín bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé, ẹ máa bojú wẹ̀yìn wò ó. Tí omi bá ti kàn án, ẹ jáde, bí ẹja ńlá tilẹ̀ ń fò níwájú yín.

Ẹrẹ̀ Sleek of Tarty lè gbé ènìyàn mì dé itan. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ló ń sọ bó ṣe jìn tó, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá há, ẹ má fà á tagbáratagbára, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ìwúwo yín tú ká, ẹ máa mi ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kí omi lè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà ni kí ẹ wọ̀, kí bẹ́líìtì rẹ̀ fún pinpin. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè ni 999, Coastguard ni kí ẹ béèrè.

Ní ti òfin: Scotland kì í béèrè ìwé àṣẹ ìjọba fún ọ̀pá ìpẹja bí England àti Wales ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti pẹ salmon àti sea trout ní ẹni tó ni ín, kódà níbi tí omi iyọ̀ dé. Láìsí ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ẹni tó ni ibẹ̀, olè ni. Kò sí pípẹ wọn ní ọjọ́ Sunday rárá. Ẹja tí ìwọ̀ bá gún lára yàtọ̀ sí ẹnu, ẹ dá a padà. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ta èyí tó fi ọ̀pá mú.

Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún ọmọ Èpè láti mú ẹja tó tó kílò kan kó sì jù ú sómi padà, àmọ́ ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Iye sea trout Scotland ti dín kù gidigidi sí ti àtijọ́. Ẹja yìí kì í kú lẹ́yìn ìyé ẹyin bí ọ̀pọ̀ salmon ṣe ń kú. Abo kan lè padà wá lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki ọwọ́ yín bọ omi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ìpẹ́ rẹ̀ ń bọ́ bí eruku. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àwọ̀n onírọ́bà nínú omi nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ìwọ̀. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ìṣàn, ẹ dì í mú títí òun fúnra rẹ̀ á fi gbọn ìrù kúrò. Bó bá jẹ́ ẹja jíjẹ lẹ̀ ń wá, ọ̀nà wà fún yín: ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹja òkun láti etíkun láìsanwó, ní July àti August sì rèé, makẹ́rẹ́lì, Titus tá a mọ̀ gan-an, ń sún mọ́ ilẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan ọ̀pá, ríìlì àti okùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbẹ fláì kí ẹ tó dá wọn padà sínú àpótí. Ìwọ̀ kan tó bá ti dípẹtà á kó ti gbogbo ìyókù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kàlẹ́ńdà òṣùpá June àti July síwájú yín, ẹ yí ọjọ́ kẹrin sí ìkejì ṣáájú àrànmọ́jú àti oṣù tuntun ká, ẹ yọ àwọn Sunday kúrò, kí ẹ wá pe amọ̀nà pẹ̀lú ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù.